Waya Pupa Inú Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi

Inú ń bí mi. Mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oríkì bàbá mi ni mo fẹ́ kì. Ẹ má sì bá mi wí pé mò ń pè é ní "ó" dípò "wọ́n". Mo mọ ẹ̀kọ́ ilé, inú ló kàn ń bí mi.

Bàbá Oníná ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń fa iná sílé onílé. Èmi náà, iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, òun ló sì kọ́ mi. Èmi ni obìnrin tó máa ń wà lórí àkàbà, tí àwọn èèyàn á dúró sísàlẹ̀ tí wọ́n á máa bi mí pé ṣé kò sí ọkùnrin kankan tó lè bá mi gùn ún ni. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi wá orúkọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bàbá mi fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan bà á jẹ́, torí pé kò fẹ́ kí gbólóhùn kan ṣoṣo jáde lẹ́nu òun.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Bàbá mi kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Tó bá parí iná nílé èèyàn, á padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ pè é, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri bóyá ó gbóná. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, mi ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oúnjẹ àárọ̀ àfi tí mo bá ka waya mẹ́ta fún un. Pupa ni iná ń gbà wọlé. Dúdú ni iná ń gbà padà. Aláwọ̀ ewé la máa ń rì mọ́lẹ̀, kí iná tó bá ṣìnà lè wọ inú ilẹ̀ lọ, kó má wọ ara èèyàn. Ojoojúmọ́ ni mo ń kà á, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo tiẹ̀ kà á nígbà tí ibà ń ṣe mí.

Ẹ jẹ́ kí n wá débi mọ́tò, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti wá. Ẹ̀yìn ilé wa ni bàbá mi kọ́ ṣọ́ọ̀bù kan sí, páànù ni látòkè délẹ̀. Tí mọ́tò bá ti wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ lèèyàn á fi máa rìn. Mọ́tò tó sì wà nínú ẹ̀ ju èmi gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ ni, onílẹ̀kùn mẹ́rin, tí imú ẹ̀ gùn, tí iná iwájú ẹ̀ rí róbótó. Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni wọ́n jọ gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọ̀rẹ́ yìí, panẹ́ẹ̀lì-bítà ni, Bàbá Olóòlù la máa ń pè é. Ọdún mọ́kànlá rèé tí àwọn méjèèjì ti ń tún mọ́tò yẹn ṣe. Màámi ò pè é ní mọ́tò rárá, "orogún mi" ni wọ́n ń pè é. Tí àlejò bá béèrè bàbá mi, Màámi á ní ó wà lọ́dọ̀ orogún àwọn, pé kí àlejò rọra kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.

Mi ò lè purọ́, èmi náà fẹ́ràn mọ́tò yẹn dénú egungun. Gbogbo Sátidé, ibẹ̀ lẹ ti máa bá mi. Èmi ni mo tún gbogbo waya inú ẹ̀ fà láti iná iwájú dé iná ẹ̀yìn, tí mo fi òwú di wọ́n ní ìdì-ìdì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é láyé àtijọ́. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè wo ara wa lójú. Bàbá Olóòlù ní èéfín ló wọ òun lójú. Kò tíì sí èéfín níbẹ̀ nígbà yẹn.

Iná ṣọ́ọ̀bù yẹn ló wá di ìjà. Waya tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni bàbá mi fà láti inú ilé gba orí ògiri lọ síbẹ̀, láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù ò ju ibi tí wọ́n ń tan gílóòbù kan àti rédíò sí. Waya kan náà yẹn ló wá ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin, èyí tí wọ́n fi ń lu ihò, èyí tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà, àti ẹ̀rọ ìjórin, baba gbogbo wọn. Tí Bàbá Olóòlù bá ti fi ẹnu ẹ̀rọ ìjórin kan ara mọ́tò báyìí, iná inú ilé á ràn bàìbàì, fíríìjì Màámi á máa kérora, fíúsì á sì jó. Kí ni bàbá mi ṣe? Ó yọ fíúsì sọ nù, ó fi kọ́pà tó nípọn dí ojú ẹ̀. Bàbá mi, tó lé mi padà sílé lọ́jọ́ tí mo dán irú ẹ̀ wò nílé oníbàárà. Mo fọwọ́ kan waya yẹn lára ògiri lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbóná bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Mo bínú lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ṣé ó fẹ́ sun Màámi mọ́lé ni. Ó ní ilé òun nìyí, òun sì mọ ohun tóun ń ṣe. Mo ra waya tuntun tó nípọn, mo ra bọ́ọ̀dù iná tó máa dá dúró fún ṣọ́ọ̀bù. Mo gbẹ́lẹ̀ fúnra mi ní Sátidé kan, mo ki waya náà sínú páìpù, mo rì í mọ́lẹ̀, mo sì so ẹnu ẹ̀ tó wà lápá ilé. Òjò lé mi kí n tó so èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ fún bàbá mi pé kó má fọwọ́ kàn án. Mo ní màá padà wá ní Sátidé kejì láti so ó, màá fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò, màá sì fi nǹkan tó máa ń já iná fúnra ẹ̀ bí iná bá ṣìnà sí i.

Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ṣé èmi ni màá wá máa so waya fún òun nínú ilé òun. Ó ní òun ò lo tẹ́sítà rí láyé òun, ojú òun ni tẹ́sítà òun. Òótọ́ sì ni, mi ò rí i kó lo tẹ́sítà rí. Á so waya tán, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á tanná. Ohun tó fi ń yangàn láàárín àwọn oníṣẹ́ iná nìyẹn.

Ọjọ́ Wẹ́sídeè ló so ó fúnra ẹ̀, láàárọ̀, lóun nìkan. Nígbà tó dọ̀sán, Bàbá Olóòlù dé tayọ̀tayọ̀ pé iná tuntun ti wọ ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ ṣì tutù nítorí òjò àná. Wọ́n ki ẹ̀rọ ìjórin bọ̀ ọ́, wọ́n tanná, ẹ̀rọ ò dún. Bàbá Olóòlù bẹ̀rẹ̀ pé kóun wo ohun tó ṣe é, ó sì fọwọ́ ti mọ́tò kó má baà ṣubú. Iná ti wà lára ẹ̀rọ, ó sì ti tara ẹ̀rọ dé ara mọ́tò. Iná gbé e mú ṣinṣin, bàbá mi sì kàn ń pariwo.

Màámi ló gbà á là. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà, wọ́n ń sá aṣọ. Wọ́n gbọ́ tí ọkùnrin náà ń han, wọ́n rí i tó ń gbọ̀n lára mọ́tò. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n sáré wọlé, wọ́n sì pa iná gbogbo ilé. Àwa oníṣẹ́ iná méjì la wà nínú ẹbí yìí, ẹni tí ò kọ́ṣẹ́ ló mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Olóòlù jó, èjìká ẹ̀ sì yẹ̀ nígbà tó ṣubú. Ọjọ́ méjì ló lò ní ọsibítù.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, ẹkún ni ǹ bá máa sun, mi ò ní máa bínú. Àmọ́ ní ọsibítù yẹn, àwọn èèyàn bi bàbá mi pé báwo ni irú èyí ṣe ṣẹlẹ̀ nílé Bàbá Oníná. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní waya ayédèrú ni ọmọ òun obìnrin rà wá. Ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó sọ ọ́ fún aládùúgbò tó wá kí wọn, ó sọ ọ́ fún ìyàwó Bàbá Olóòlù.

Kó tó di àárọ̀ Fúráídeè, ọ̀rọ̀ ti dé ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yàrá mọ́kànlá síbẹ̀, gbogbo iná inú ẹ̀ ni wọ́n gbé fún mi. Mi ò ríṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Akọ̀wé wọn pè mí, ó ní Màdáámù, ọ̀gá ilé ìwé náà, ní kí n dá ọwọ́ dúró ná. Mo ní kí ló dé. Ó ní wọ́n gbọ́ pé waya tí mo rà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn. Tí ilé ìwé bá lé ọ nítorí waya ayédèrú, ta ló tún máa pè ọ́ wá sílé? Ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ mọ́ bóyá òótọ́ ni àbí irọ́.

Mo gba ilé bàbá mi lọ tààrà. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sínú mọ́tò bí ọ̀gá tó ń dúró de dírẹ́bà. Mo kúnlẹ̀ kí i torí pé òun ló bí mi. Lẹ́yìn náà, mo lọ pa iná ilé, mo mú sukurudíráfà, mo tú bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù.

Waya pupa ló wà níbi tó yẹ kí aláwọ̀ ewé wà. Aláwọ̀ ewé wà níbi tó yẹ kí pupa wà. Iná tó yẹ kó wọ inú ẹ̀rọ lọ ló lọ tààrà sí ara irin ẹ̀. Abájọ tí ẹ̀rọ ò dún. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá ò ní ṣe é. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò ó, orí mi ń gbóná sí i. Mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń parọ́ mọ́ mi ni. Mo rò pé ó ti tú u wò lẹ́yìn tí iná gbé ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó sì rí àṣìṣe ẹ̀, ó wá tì í sí mi lọ́rùn.

Mo pè é jáde nínú mọ́tò. Mo ní, "Bàbá, ẹ fọwọ́ kan waya pupa fún mi."

Ó ní kí n má sọ òun di ọmọdé. Mo tún un sọ. Ó wo bọ́ọ̀dù yẹn pẹ́, ó sì nawọ́. Aláwọ̀ ewé ló dì mú. Ó dì í mú dáadáa, bí ẹni tó dá lójú, ó wá ń wo ojú mi láti mọ̀ bóyá òun gbà á.

Bàbá Olóòlù ló dá wa lóhùn. A ò mọ̀ pé ó ti dé, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Ó ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé mọ́. Èmi ni mo máa ń pe àwọ̀ fún un, òun á sì máa so ó."

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọdún méjì gbáko. Ibi tí bàbá mi bá ti ríṣẹ́, Bàbá Olóòlù á tẹ̀ lé e bí ẹni tó kàn ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣeré lọ. Á jókòó ti àkàbà, á máa dọ́gbọ́n pe àwọ̀ bí wọ́n ṣe ń tàkurọ̀sọ, tí onílé ò fi ní fura. Ní Wẹ́sídeè yẹn, bàbá mi ò lè dúró de ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó fẹ́ parí iṣẹ́ ná kí n tó wá ní Sátidé, kí n wá bá a kí ẹnu mi wọhò.

Ẹ rò pé àánú ṣe mí? Inú mi ru ni. Mo dojú kọ Bàbá Olóòlù, mo ní ṣé ó mọ̀ látìgbà yìí, ó sì jẹ́ kí bàbá mi máa lọ so iná nílé tí èèyàn ń gbé. Ó ní tóun bá sọ, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun, kí ló wá kù fún un? Ó na ọwọ́ oníbáńdéèjì yẹn sí mi, ó ní òun ò bá a bínú nítorí ẹ̀. Mo ní èmi bá a bínú. Mo ní èmi bínú sí ẹ̀yin méjèèjì. Mo wá sọ fún bàbá mi pé ní Mọ́ńdè, ó máa tẹ̀ lé mi lọ síwájú Màdáámù, ó máa ṣàlàyé ohun tó ṣe.

Ó ní òun ò ní lọ dójú ti ara òun níwájú obìnrin yẹn. Mo ní orúkọ mi tó bà jẹ́ ńkọ́. Ó wọ inú mọ́tò padà, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Màámi bẹ̀ mí kí n jókòó jẹun. Mo ní mo ti yó.

Ní Mọ́ńdè, èmi nìkan lọ sí ilé ìwé. Láti aago mẹ́jọ ni wọ́n ti ní Màdáámù ń ṣe ìpàdé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ́fíìsì, àwọn tíṣà ń kọjá, wọ́n ń fi ojú kan wò mí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, bàbá mi wọlé. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, ó gbé àpò irinṣẹ́ ẹ̀ dání, Bàbá Olóòlù sì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Kò wo ibi tí mo wà. Ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì fúnra ẹ̀, ó wọlé, èmi àti Bàbá Olóòlù sì tẹ̀ lé e.

Ó ní, "Màdáámù, waya yẹn dáa. Ọmọ mi ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo so ó ní ìsokúsọ, èmi ni mo tún parọ́ mọ́ ọn. Ojú mi ò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé mọ́, ọ̀rẹ́ mi yìí ló máa ń pe àwọ̀ fún mi."

Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Mo rò pé tó bá sọ ọ́, ọkàn mi á balẹ̀. Kò balẹ̀. Bí mo ṣe rí i tó dúró níwájú tábìlì obìnrin tí kò ju ọmọ ẹ̀ lọ, tó ń ká ọwọ́ kò, ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kó padà kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Inú wá ń bí mi sí Màdáámù náà, obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí.

Màdáámù bi í pẹ̀lẹ́ pé, ta ló so iná yàrá àwọn ọmọ kéékèèké lọ́dún tó kọjá? Bàbá mi ní òun ni. Ó bi í bóyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ wà níbẹ̀. Bàbá Olóòlù ló dáhùn, ó ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara òun ò yá lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n lu aago, wọ́n kó gbogbo àwọn ọmọ náà jáde sí pápá. Mo pa iná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú sọ́kẹ́ẹ̀tì níkọ̀ọ̀kan, bàbá mi dúró lẹ́yìn mi. Èyí tó wà lára ògiri iwájú dáa. Èyí tó tẹ̀ lé e dáa. Nígbà tí mo dé èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé, tíṣà wọn ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, pé ìyẹn ò ṣiṣẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi síbẹ̀. Mo tú u. Pupa wà ní àyè aláwọ̀ ewé. Ọdún kan ni iná fi wà nínú nǹkan yẹn tó ń dúró de ẹni tó máa ki ohun onírin bọ̀ ọ́. Tíṣà náà jókòó sórí àga ọmọdé.

Màdáámù gbé iṣẹ́ padà fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan yàrá tuntun kankan àfi tí mo bá tú gbogbo ohun tí bàbá mi ti ṣe níbẹ̀ wò. Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tá a délé, mo fi bàbá mi jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ. Mo mú ìwé àti bírò. Mo ní kó pe gbogbo ilé tó ti ṣiṣẹ́ láti ọdún méjì tí Bàbá Olóòlù ò sí níbẹ̀. Mo fi ìbínú sọ ọ́, mi ò wojú ẹ̀. Mo ti ń fa ìlà sórí ìwé, mo ti ń rò ó lọ́kàn bí màá ṣe máa lọ kan ilẹ̀kùn onílé kọ̀ọ̀kan kí n máa ṣàlàyé.

Bàbá mi ní, "Kọ ilé tìẹ ṣáájú."

Lóòótọ́, nígbà tá a kó lọ sílé tá à ń gbé báyìí, òun ló wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sí yàrá àwọn ọmọ mi. Ó ní ẹ̀bùn bàbá ìyá nìyẹn, kí n má fọwọ́ kàn án. Mo bi í pé ta ló pe àwọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó pè é. Ìwọ lo wà nílé. Ojú ń tì mí láti pè ọ́."

Yàrá kejì ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, mò ń kun ògiri. Tó bá húkọ́ lásán, màá gbọ́.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Mo ní kó pa iná gbogbo ilé, kó má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ yàrá wọn tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ ni. Ó ní ṣebí ìyẹn ò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tá a ti kó débẹ̀. Mo ní ìdí tí mo fi ní kó pa iná nìyẹn.

Màámi wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bi mí pé kí ló dé. Mo kọ ilé mi sókè ìwé náà. Ọdún méjì ni ọkọ mi fi ń bẹ̀ mí pé kí n tú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wò, ọdún méjì ni mo fi ń dá a lóhùn pé Sátidé tó ń bọ̀ ni. Kò sí Sátidé kan nínú gbogbo wọn tí mi ò lọ jókòó sínú mọ́tò ẹ̀yìn ilé bàbá mi.